Tíì Tí O Mu Ní Àgbàlá Wa

                                                  Agbo Ilé Sardar,
                                                  Abúlé Nonadanga,
                                                  Létí Odò Shibsa,
                                                  Khulna.
                                                  Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin, 1997.

Lutfa mi, ọ̀rẹ́ tó sún mọ́ mi ju ọmọ ìyá lọ,

Àsàlámù àlékùm. Báwo ni gbogbo ilé? Bàbá Masud ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń yọ wọ́n lẹ́nu láti ìgbà ọyẹ́ ti lọ pátápátá? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ojú wọn ti ń ríran dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yẹn? Masud fúnra rẹ̀ ńkọ́, àti àwọn àbúrò rẹ̀? Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín á ti dí pẹ̀lú ìrẹsì ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ yín. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i. Ní tiwa, a ń mí, ẹni tó bá sì ń mí ló ń dúpẹ́. Òjò kò tíì rọ̀. Ilẹ̀ àgbàlá ti funfun, o mọ funfun tí mò ń wí, iyọ̀ tó máa ń yọ lórí amọ̀ bí ara oúnjẹ tó bu. Ewúrẹ́ Parul, ìyàwó ọmọ mi, ń lá a láti àárọ̀.

Mo gba lẹ́tà rẹ méjèèjì. Nínú ti àkọ́kọ́ o béèrè ọjọ́ tí a fẹ́ kí ìgbéyàwó Masud àti Shiuli bọ́ sí. Nínú ìkejì o béèrè bóyá o ṣẹ̀ mí. Lutfa, o ò ṣẹ̀ mí. Èmi tí mo ṣe alárinà ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, tí mo ń ránṣẹ́ sí ọ pé ọmọ dáadáa wà nílé wa, èmi náà ni mo tún wá panu mọ́. Ó yẹ kó yà ọ́ lẹ́nu. Mo ti mú bírò títí, mo ń jù ú sílẹ̀. Ìwé tí èmi àti ìwọ jọ kà dé kíláàsì kẹwàá kò kọ́ wa bí a ṣe ń kọ irú lẹ́tà yìí. Bí mo bá kọ ọ́, mo di olófòófó. Bí n kò bá kọ ọ́, mo di ẹni tó fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sínú òkùnkùn. N kò tíì mọ èyí tó burú jù, ṣùgbọ́n bírò ti wà lọ́wọ́ mi báyìí, jẹ́ kí n máa lọ.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí ẹ wá wo Shiuli? O gbé kọ́ọ̀bù tíì sẹ́nu, o fà á, o wo gbogbo wa lójú yíká, o ní, “Ta ló ń bà yín lórúkọ jẹ́ pé omi yín níyọ̀? Ti Jessore wa ò dùn tó báyìí.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Masud ní bóyá edé tó wà nínú odò wa ni wọ́n fi ń se é. O tún na kọ́ọ̀bù sí ìyá Shiuli pé kó bu sí i. Èmi náà mu tèmi, mo sì yìn ín. Ọ̀rọ̀ tíì yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

O mọ ìyá Shiuli, Mabia, ìyáálé mi. Òun ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, òun ni mo bá nílé nígbà tí wọ́n gbé mi wọ agbo ilé Sardar. Wò ó, mo ti ń pè é ní “òun”. Láti ìgbà tí mo ti wọlé yìí, “wọ́n” ni mo ń lò fún un, lójú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ mi ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, n kò sì ní pa á rẹ́.

Ohun tí n kò sọ fún ọ rí, torí n kò mọ̀ pé ó tó nǹkan à ń sọ, ni ohun tí obìnrin yìí jẹ́ sí mi. Nígbà tí Hasna ọmọ mi wà lọ́mọ ọwọ́, kí a tó máa rí sáláìnì inú ọ̀rá, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí à ń pò mọ́ omi, rà ní ìsọ̀, obìnrin kan wá láti ìlú tó ń ti ojúlé dé ojúlé, tó ń kọ́ àwọn ìyá ọmọ bí wọn yóò ṣe po omi fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe, kí omi má baà tán lára rẹ̀. Iyọ̀ tí ìka mẹ́ta lè mú, ẹ̀kúnwọ́ ṣúgà ọ̀pẹ kan, àti omi tó mọ́. Ojú ń tì mí, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni mo wà. Mabia ló jókòó tì í, òun ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, òun ló fà mí jáde. Ó di ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mi mú, ó fi ibi tí iyọ̀ gbọ́dọ̀ dé hàn mí lórí oríkèé. Lẹ́yìn náà ó ki ṣíbí bọ̀ mí lẹ́nu. Ó ní, “Tọ́ ọ wò, ìwọ ojo yìí. Bó bá fi lè níyọ̀ ju omijé rẹ lọ, dà á nù, àbí o fẹ́ jẹ́ apààyàn?” Láìpẹ́ sí i ni ìgbẹ́ gbuuru mú Hasna, omi yẹn ló dá a dúró, ọwọ́ Mabia ló sì pò ó, èmi gbé ọmọ dání. Hasna ti wà nílé ọkọ báyìí. Ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí ni pé Mabia kì í ṣe aláìmọ̀kan. Bó bá jẹ́ aláìmọ̀kan ni, ọkàn mi ì bá ti rọlẹ̀ tipẹ́.

O tún mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣí omi odò oníyọ̀ wọ oko ìrẹsì kí wọ́n lè sin edé níbẹ̀, omi pọ́ǹpù wa náà ti níyọ̀. Nítorí náà, bí òjò bá fẹ́ kásẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan á fi omi òjò kún àmù kan dé ọrùn, wọ́n á fi aṣọ funfun so ó lẹ́nu, ó di àmù ọmọdé nìyẹn. Àgbà á máa mu omi pọ́ǹpù, á máa rojú, nígbà tó bá sì yá kò ní rojú mọ́. Ṣùgbọ́n omi àmù yẹn, ọmọ kékeré àti aláìsàn nìkan ló ni ín títí òjò mìíràn á fi rọ̀. Ọkọ mi, nígbà tí àìsàn dá a wó, ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Ètè rẹ̀ ń sán. Ó ní kí n má bù ú fún òun, pé oyún wà nínú Parul, kí n fi í sílẹ̀ fún ọmọ tó ń bọ̀. Ọmọ yẹn ni Tuhin. Àmù tèmi sán lọ́dún tó kọjá, a wá ń lo ti Mabia pọ̀. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ torí pé oòrùn kì í dé ibẹ̀. Èmi ló ń so aṣọ ẹnu rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ẹ padà sí Jessore ni Tuhin jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí inú rẹ̀ ń ṣí. Kí Parul tó pààrọ̀ aṣọ ìdí rẹ̀ tán, ó tún ti ṣe sí èyí tí ó wọ̀ fún un. Ẹ̀rù kò bà mí. Mo tilẹ̀ ń fi Parul ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó panu mọ́, pé ẹni tí sáláìnì wà nínú àpótí rẹ̀ kì í sunkún. Mo mú ọ̀rá kan, mo gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mabia lọ. Ó jókòó, ó ń họ ẹja.

Mo ní, “Ìyáálé, mo fẹ́ bu omi àmù o. Ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe Tuhin.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lára ẹja náà. Ó ní, “Omi àmù? Ẹ ò ṣe fún un lómi àgbọn tútù?”

Mo ní, “Àgbọn èwo? Èyí tó ń já lulẹ̀ bí orí eku yìí?”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó wo àmù náà, ó wò mí, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í họ ẹja rẹ̀. Ó ní, “Ó dáa. Bù ú.”

Lutfa, fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Bù ú.

Mo tú aṣọ funfun náà. Kókó tí mo so ni mo bá níbẹ̀, bí mo ṣe ń so ó gan-an, ẹ̀ẹ̀kan sọ́tùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan sósì, kí n wá ti etí aṣọ bọ abẹ́. Omi náà dé ọrùn àmù. Mo bù ú, mo sè é kó hó dáadáa, mo jẹ́ kó tutù kí n tó da ìyẹ̀fun sí i, torí wọ́n ní a kì í se sáláìnì lẹ́yìn tí a bá ti pò ó. Ọ̀rá odidi kan sí omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ààbọ̀ lítà, n kò dín in, n kò fi kún un. N kò ṣe bí àwọn tó ń da ìdajì ọ̀rá sínú ife tí wọ́n á so ìyókù pamọ́. Gbogbo nǹkan ni mo ṣe bó ti yẹ. Mo sì tọ́ ọ wò. Lẹ́nu mi, omijé ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ahọ́n tó ti ń mu omi pọ́ǹpù láti ọdún dé ọdún ni mo fi tọ́ ọ wò, n kò sì rántí pé irú ahọ́n bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́rìí iyọ̀ mọ́.

Tuhin mu ún. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì fa ṣíbí mọ́ mi lọ́wọ́. Inú mi ń dùn. Mo ń sọ fún Parul pé wo bí ó ṣe ń mu ún, ọmọ tó bá ń mu omi báyìí, ó ti bọ́. N kò mọ̀ pé ohun tí mò ń fún un ló ń fa òùngbẹ rẹ̀. Bó ṣe ń mu ni ó ń ké pé kí n mú wá sí i, bó bá sì ti ké, èmi màmá àgbà rẹ̀ á tún bu ṣíbí mìíràn. Mo pò ó lẹ́ẹ̀kejì láti inú àmù kan náà.

Mabia wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó ní, “Kohinur, ẹ fi sáláìnì yìí sílẹ̀ ná. Kí Parul fún un lọ́mú, ó tó.”

Mo ní, “Ọmú ń lọ, sáláìnì ń lọ, méjèèjì là ń ṣe. Àbí ẹ ti gbàgbé ohun tí ẹ kọ́ mi ni, ìyáálé? Ọjọ́ orí ti ń dé o.”

Ó padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, mo sì gbọ́ tó ń pe Shiuli pé kó gbé ìkòkò, kó lọ sí adágún omi dídùn tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí abúlé kejì. Nínú oòrùn yẹn. Kò sẹ́ni tó ń lọ pọnmi níbẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, kò sí igi. Ó ya mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n n kò béèrè. Ìgbà wo ni mo béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ rí?

Nígbà tí oòrùn yẹ̀, ìgbẹ́ náà ti dínkù, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò rí bí ọmọ tó ń gbádùn. Igbe rẹ̀ ti di tín-ín-rín, ó ń han bí ọmọ ológbò. Ẹnu rẹ̀ gbẹ gbagidi. Mo fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, awọ ibẹ̀ rí bí ìyẹ̀fun tí a pò, ó ki. Lẹ́yìn náà kò ké mọ́, oorun ń gbé e lọ, a ń pè é, kò dáhùn. Lẹ́yìn náà ni gìrì mú un. Parul figbe ta. Anis ọmọ mi sáré wọlé láti etí odò, a gbé e sórí kẹ̀kẹ́ akẹ́rù, ó di ilé ìwòsàn ìlú. Mo mú ìgò tí ìyókù sáláìnì náà wà dání, mo rò pé bó bá jí lọ́nà n ó tún fún un. Mabia dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá bí a ṣe ń lọ. Ó ń sunkún. Mo tiẹ̀ sọ fún un pé kó má sunkún mọ́, pé Ọlọ́hun ń bẹ.

Níbẹ̀, wọ́n dá gìrì náà dúró. Nọ́ọ̀sì kan tí ohùn rẹ̀ le bí ayùn bi mí pé kí ni mò ń fún un mu. Mo fi ìgò náà hàn án. Ó kán an sẹ́yìn ọwọ́, ó fi ahọ́n kàn án, ó tutọ́ dànù.

Ó ní, “Ìyá, inú òkun lẹ ti bu omi tí ẹ fi pò ó ni? Iyọ̀ wà nínú sáláìnì tẹ́lẹ̀, ó ní ìwọ̀n. Ẹ tún lọ wá iyọ̀ mìíràn kún un.”

Mo ní, “Omi òjò ni.”

Ó ní, “Òjò ibo? Òjò tí èmi mọ̀ kì í níyọ̀.”

Ọkùnrin kan tó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ ní ìtòsí wa ní, “Ará ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n, nọ́ọ̀sì. Òjò tiwọn, inú odò ló ti ń rọ̀ lọ sókè.” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Mo búra. Lutfa, mo fi Ọlọ́hun búra níwájú wọn pé omi òjò ni, pé inú àmù ìyáálé mi ni mo ti bù ú, pé ìyáálé mi kì í ṣe ẹni tó ń fi àmù ọmọdé ṣeré. Mo gbèjà rẹ̀ títí ohùn mi fi há. Mo ní, “Mo sè é kó hó pàápàá.” Nọ́ọ̀sì náà rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà. Ó ní, “Iná ń pa kòkòrò inú omi, ìyá. Kì í pa iyọ̀. Bí omi bá ń fà lórí iná, iyọ̀ ò lọ síbì kankan.” Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì. Èmi, tí àwọn baba ọkọ mi ń se omi odò yìí di iyọ̀ tà, èmi ni wọ́n ń kọ́ ní èyí.

Dókítà ní iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Ó ní wọn kò ní kánjú, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa mú un wálẹ̀, torí bí wọ́n bá sáré, ọpọlọ ọmọ lè wú. Ó ní kí a má retí pé yóò lajú kíákíá. Parul kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó gbé ojú rẹ̀ sí ògiri. Lójú rẹ̀, màmá àgbà ló ṣe ọmọ òun báyìí, lójú tèmi náà sì ni. Mo jókòó, mo ń ka ọwọ́ ara mi wò bóyá mo ṣi ọ̀rá mú, bóyá mo ṣi omi wọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí Shiuli fi wọlé. Ìkòkò omi wà ní ìbàdí rẹ̀. Ó ti adágún dé ilé, kò bá wa, wọ́n sọ fún un pé a ti gbé ọmọ lọ, kò sì sọ ìkòkò kalẹ̀, ó gbé e bẹ́ẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Ó gbé e síwájú mi, ó kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku dé orúnkún.

Ó ní, “Ìyá kékeré, omi dídùn rè é. Ẹ má bu ti inú àmù fún un mọ́. Kì í ṣe omi òjò.”

Mo ní, “Èmi ni mo so ó lẹ́nu.”

Ó ní, “Màmá mi mọ bí ẹ ṣe ń so ó.”

Ó wá sọ ọ́ fún mi. Kí ẹ tó dé láti Jessore, ìyá rẹ̀ ń fi omi àmù fọ irun rẹ̀ àti ojú rẹ̀ lójoojúmọ́, torí omi pọ́ǹpù ti sọ irun rẹ̀ di ìgbálẹ̀, awọ ojú rẹ̀ sì ń hú. Ìyá rẹ̀ ní àwọn ará omi dídùn kò gbọdọ̀ rí i bẹ́ẹ̀. Ìyókù ni ó fi se tíì yín. Nígbà tí ẹ lọ, ó pọn omi pọ́ǹpù kún àmù dé ọrùn, ó so aṣọ mọ́ ọn lẹ́nu. Shiuli ní òun rò pé ìyá òun ti sọ fún mi. Ó ní ìgbà tí wọ́n rán òun sí adágún nínú oòrùn ló yé òun, àti pé òun ò lè sáré nítorí omi ń dà.

Parul yí ojú kúrò lára ògiri, ó wò mí. Ìgbà yẹn ló tó di ọwọ́ mi mú.

Ọlọ́hun ṣe é, ọmọ náà kò kú. Ó lajú, ó wá ọmú, wọ́n tún ń fún un ní sáláìnì níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi omi tó dára pò, ara rẹ̀ sì gbà á. A ti padà wálé. Ó ń rìn, ó ń lé ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí ṣíbí, ó ń di ẹnu rẹ̀ pinpin. Ọwọ́ ni a fi ń fún un lóúnjẹ. Bó bá jẹ́ èmi ló di ṣíbí náà mú, ó ń lọ sápamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Mabia ti se ẹja dè wá. Mi ò jẹ ẹ́. Nígbà tí ó bá mi nìkan lẹ́yìn ilé, ó ní, “Kohinur, ṣebí gbogbo wa là ń mu omi yẹn? Mo rò pé kò lè ṣe é ní nǹkan. Ṣebí iyọ̀ náà ni sáláìnì?”

Mo wò ó. Ẹni tó fi ṣíbí kọ́ mi ní ìwọ̀n omijé.

Ó ní, “Mo fẹ́ sọ ọ́. Ó dé ẹnu mi. Ojú ló tì mí. Hasna tìrẹ pọ́n, kò sẹ́ni tó bi í ní omi tó fi wẹ̀. Ìwọ wo Shiuli, ṣé ìwọ náà kò fẹ́ kí wọ́n mú un ni?” Mo fẹ́ ẹ, Lutfa. Mo fẹ́ ẹ bí ó ṣe fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ yẹn mo rí i pé irun ọmọ náà ń dán, mo dúpẹ́ nínú ara mi, n kò bi ara mi pé kí ló mú un dán. Ó wá tẹrí ba, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi, ìyáálé sí ìyàwó. Ó ní, “Mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí Lutfa gbọ́.” N kò fèsì. Ó mú un pé mo ti gbà.

Mo ti rò ó títí. Omi tó fi wẹ ọmọ rẹ̀, mo lè dárí rẹ̀ jì í, ìyá ni. Tíì, mo lè dárí rẹ̀ jì í. Àlejò ni yín. Omi pọ́ǹpù tó rọ sínú àmù, bóyá ojú ló tì í lóòótọ́. Kókó tó so bí èmi ṣe ń so ó, bí mo bá rántí rẹ̀, oúnjẹ kì í gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá. Ṣùgbọ́n mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá sáláìnì lọ́wọ́, mo dárúkọ ọmọ fún un, ó ní bù ú. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú tó fi ata sẹ́nu, kò sí ohun tí a fẹ́ fi ojú yẹn wò mọ́. A ṣì wà nínú àgbàlá kan náà. Ó ń kí mi láàárọ̀, mo ń dáhùn. Bí mo bá fẹ́ gbé omi mu ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tèmi pàápàá, mo ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Anis sọ pé kí n má kọ ọ́, pé ọ̀rọ̀ ilé kì í jáde. Shiuli ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní, “Ìyá kékeré, bí wọn ò bá mú mi, kí wọ́n má mú mi. N kò fẹ́ wọlé ọkọ lórí omi Tuhin.” Nínú gbogbo àgbàlá yìí, òun nìkan ló sọ òtítọ́ fún mi, òun náà sì ni òtítọ́ yìí lè ba nǹkan jẹ́ fún jù. Bí o bá bi mí léèrè, mú un. Irun rẹ̀ á padà di ìgbálẹ̀ kí ẹ tó tún rí i, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, omi Jessore á tún un ṣe. Nígbà tí ó bá sì bímọ fún Masud, tí ẹ bá ń mú ọmọ náà wá kí wa, ẹ gbé omi yín dání. Bí inú ọmọ bá ṣí, omi yẹn ni kí ẹ sè kó tutù, kí ẹ da odidi ọ̀rá sí ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ máa fún un ní ṣíbí-ṣíbí, bó bá bì í kí ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, kí ọmú má dúró. Èyí tí ẹ pò láàárọ̀, ẹ dà á nù nírọ̀lẹ́. Ìwọ ni kí o tọ́ ọ wò, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ẹnikẹ́ni tó ń gbé níbí. Bí ojú ọmọ bá jìn, tí kò lè mu, tí oorun ń gbé e lọ, ẹ má dúró bi mí léèrè, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Bá mi kí bàbá Masud, kí o sì fi ẹ̀rín wọn nípa edé yẹn ránṣẹ́ sí mi, ó ti pẹ́ tí mo rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn. Kí ìyá ọkọ rẹ dáadáa fún mi. Parul kí yín, Tuhin náà kí yín. Shiuli kò ní kí n kí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ń wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ní ti ọjọ́ tí o béèrè, bí ẹ bá ṣì fẹ́ wá, ẹ wá kí òjò tó rọ̀. Mo fẹ́ kí o tún mu tíì ní àgbàlá wa lẹ́ẹ̀kan sí i. N ó ní kí ìyá Shiuli gbé ìkòkò kaná. Yóò bi mí léèrè pé omi wo ni kí òun fi sè é, níwájú gbogbo yín. N ó wò ó lójú, n ó ní omi pọ́ǹpù ni. Bù ú.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò tíì yí padà,

Kohinur, ìyá Anis.